Bí ẹ ṣe máa sùn sí ìgboro àtijọ́ Ọ̀yọ́, lẹ́bàá Ààfin àti Akẹ̀sán

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba Ọ̀yọ́ kọjá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, títì nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó bá tiẹ̀ yà wọ̀lú, wọ́n á ya fọ́tò níwájú Ààfin, wọ́n á ra ìlù kékeré kan fún ọmọ, tó bá máa fi di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti padà sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn ní Ìbàdàn. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ohun tó dáa jù ní ìgboro àtijọ́ yẹn, òwúrọ̀ kùtùkùtù àti alẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀, ẹni tí ò bá sùn síbẹ̀ ò lè bá a. Ẹ wá sùn. Ó kéré tán kẹ́ ẹ sun òru méjì, mẹ́ta ló dáa jù, ẹ má sì sùn sí etí títì, àárín ìlú gangan ni kẹ́ ẹ sùn, ibi tẹ́ ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Ààfin láì wọ ọ̀kadà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí mò ń sọ

Ọ̀yọ́ tòní kọ́ ni Ọ̀yọ́ Ilé o. Ọ̀yọ́ Ilé tí ogun tú, inú igbó ló wà lókè lọ́hùn-ún, inú páàkì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, ṣùgbọ́n Ìsókùn nínú ìlú Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì páàkì yẹn wà, ìdí nìyẹn tí àlejò fi máa ń rò pé òun lè wọ ọ̀kadà lọ wo ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ní ọ̀sán kan kóun sì padà. Ẹ ò lè ṣe é. Ìrìn àjò ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà míì.

Àgọ́ Ọ̀jà ni wọ́n ń pe ibi tí ìlú wà báyìí tẹ́lẹ̀, Aláàfin Àtìbà ló sọ ọ́ di olú ìlú láàárín ọdún 1830 sí 1840, òun la fi ń gbọ́ tí wọ́n bá ń ki ará Ọ̀yọ́ pé òjò pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọmọ Àtìbà. Ó gbìyànjú láti to ìlú tuntun yẹn bí wọ́n ṣe to ti àtijọ́, Ààfin láàárín, ọjà ọba níwájú ẹ̀, ilé àwọn ìjòyè àti agbo ilé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yí i ká, títí dòní àdúgbò míì ṣì ń jẹ́ orúkọ oyè, bíi Aṣípa. Ẹ fi ọjà Akẹ̀sán ṣe àmì. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Akẹ̀sán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgboro tí mò ń sọ nìyẹn.

2. Ẹ mú àsìkò tó bá yín lára mu

Tó bá jẹ́ èrò àti ìlù lẹ fẹ́, oṣù kẹjọ ni. Oṣù yẹn ni ọdún Ṣàngó àgbáyé máa ń wáyé ní Ọ̀yọ́, àwọn ẹlẹ́sìn Ṣàngó á wá láti ìlú káàkiri, àwọn míì á tiẹ̀ ti Bràsíìlì, Kúbà àti Amẹ́ríkà wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ẹ má sì retí pé èrò máa dín kù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ wá yàrá sílẹ̀ ó kéré tán oṣù kan ṣáájú, torí lọ́sẹ̀ ọdún yẹn gan-an, bẹ́ ẹ bá gbé owó lọ́wọ́ pàápàá ẹ lè má rí ibi tẹ́ ẹ máa gbé orí lé.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kí wọ́n sì ráyè dá yín lóhùn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ wá, láti oṣù kọkànlá sí ìkejì, òun gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Ọyẹ́ á wà o. Ẹ mú ìpara àti súwẹ́tà dání, òwúrọ̀ á tutù, ọ̀sán á mú, ètè á sì máa bó.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì náà ní adùn tiẹ̀. Àwọn olóúnjẹ á dín kù lọ́sàn-án lóòótọ́, àmọ́ alẹ́ á kún, àwọn ọmọ á sì máa lùlù jí èèyàn sí sààrì, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí oorun ẹ̀ fúyẹ́ kẹ́ ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó mú àsìkò yẹn.

3. Bẹ́ ẹ ṣe máa dé ibẹ̀

Láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa gbà yín níyànjú, torí Mọ́níyà ló ń já èrò sí ní Ìbàdàn, Mọ́níyà sì ti wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìbàdàn rárá. Ẹni tó bá ti wà láàárín Ìbàdàn, Òjòó ni kó ti wọ mọ́tò. Ọ̀nà àtijọ́ gba Fìdítì àti Ìlọrà kọjá, kò jìnnà, nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà ni Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní gáréèjì Òwódé, ẹ sọ fún ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ pé Akẹ̀sán lẹ̀ ń lọ, ẹ bá a dá owó kẹ́ ẹ tó gun un. Ẹ gba owó ní ATM tàbí lọ́dọ̀ oní-POS kẹ́ ẹ tó wọ inú ìgboro, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní owó wẹ́wẹ́, igba náírà, ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ẹ máa mọ ìdí ẹ̀ tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ onílù. Ẹ rí i dájú pé ẹ wọ̀lú kí ilẹ̀ tó ṣú, torí agbo ilé ò ní nọ́ńbà tó hàn síta bíi ti ìta ìlú, béèrè-béèrè lẹ ó fi rí i, lálẹ́ ẹni tẹ́ ẹ máa bi á sì ti dín kù.

4. Yàrá

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ńlá wà ní etí títì àti ní àwọn àdúgbò tuntun, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń bẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú yàrá, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkankan ní ìdájí àyàfi fèrè tírélà. Àwọn gẹ́ẹ̀sì háòsì kéékèèké wà nínú ìlú, ìwọ̀nba ni wọ́n, ẹni tó bá mú ọmọ kékeré wá tàbí tí ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, kó mú ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni yàrá nínú agbo ilé, èyí tí àwọn ará ilé bá ṣófo sílẹ̀ torí ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí òkè òkun, wọ́n á fi ibùsùn sí i, wọ́n á gba àlejò. Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i ni pé kẹ́ ẹ wá ọmọ Ọ̀yọ́ kan. Kò sẹ́ni tí ò mọ ọmọ Ọ̀yọ́, ó lè jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ télọ̀ yín, ẹ ní kó bá yín pe ilé. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ kàn bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun ní yàrá nítòsí Ààfin, àfi tí ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ bá ti lọ fojú rí yàrá yẹn. Ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ san ìyókù nígbà tẹ́ ẹ bá dé.

Àwọn ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n lórí fóònù: omi ńkọ́, ṣé kànga ni àbí bóhóòlù, ṣé ẹ máa pọn ọ́n fúnra yín? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, ṣé inú ilé ló wà àbí ẹ̀yìnkùlé, èèyàn mélòó ló ń lò ó? Agogo mélòó ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ìta? Tó bá jẹ́ obìnrin tó dá wá ni, ẹ bi wọ́n bóyá ìyá kan wà nínú ilé tí yàrá yín máa sún mọ́ tiẹ̀, ìdáhùn wọn máa sọ púpọ̀ fún yín nípa ilé náà. Àti fèrèsé o, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí àgbàlá, kò gbọdọ̀ kọjú sí ọ̀nà.

Ẹrù tẹ́ ẹ máa dì: tọ́ọ̀ṣì, páwá báǹkì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, sílípáàsì fún balùwẹ̀, aṣọ ìbora, àti òwú tẹ́ ẹ máa fi di etí ní alẹ́ Sátidé.

5. Ẹ kí baálé kẹ́ ẹ tó tú ẹrù

Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo nǹkan tó kù lọ. Ẹ má wọlé kẹ́ ẹ kàn gba kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ kọjá sínú yàrá, bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n á gbà yín láàyè o, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bá yín sọ ohunkóhun tó nítumọ̀ títí ẹ fi máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ bá baálé. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀ títí á fi ní kẹ́ ẹ dìde. Á bi yín ní orúkọ, á bi yín ní ìlú bàbá yín, á bi yín ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Ẹ sọ òótọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fídíò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kó má di pé wọ́n bá fóònù lọ́wọ́ yín nídìí ojúbọ ẹlòmíì.

Ẹ mú nǹkan dání, kò ní láti pọ̀. Obì àti orógbó dáa fún baálé tó bá ń ṣe àṣà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ baálé ní Ọ̀yọ́ ni Àlàájì, ẹ má gbé ọtí lọ síbẹ̀ láìbéèrè. Ṣúgà, búrẹ́dì, bísíkíìtì fún àwọn ọmọ, kò sí ilé tí kò ní gbà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, baálé fúnra ẹ̀ á yan ẹnì kan fún yín, ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ ilé tó ti parí ìwé mẹ́wàá tó ń dúró de jáàǹbù. Ọmọ yẹn ló máa mú yín káàkiri. Ẹ bá a dá iye tẹ́ ẹ máa fún un lójúmọ́ kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ sì jẹ́ kí ìyá ẹ̀ gbọ́ sí i.

6. Ẹ jí kí ilẹ̀ tó mọ́

Ìdí tẹ́ ẹ ṣe sùn síbẹ̀ nìyí o. Ìrun àsùbáà ló máa kọ́kọ́ jí yín, mọ́ṣáláṣí yí Ààfin ká, bí èyí ṣe ń parí ni ìyẹn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má padà sùn. Ẹ wọ aṣọ, ẹ rìn lọ sí iwájú Ààfin pẹ̀lú ọmọ ilé yẹn, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá bọ́ sí àsìkò tí àwọn onílù ń jí Ọba, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyáàlù dárúkọ àwọn Aláàfin tó ti wàjà, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, bó bá fara balẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mú orúkọ kan, méjì, láàárín ẹ̀, torí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́nu wa náà ni ìlù yẹn ń sọ. Ara mi máa ń ṣe gììrì.

Tí ojú bá ti là, ẹ wo Akẹ̀sán bó ṣe ń pàtẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 iná jó ọjà yìí, ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ló run mọ́ ọn, ìjọba ìpínlẹ̀ ló wá tún un kọ́, nítorí náà ilé tẹ́ ẹ máa rí tuntun ni. Àmọ́ ọjà yẹn fúnra ẹ̀ ti pẹ́ jù ìlú yìí gan-an lọ, Ọ̀yọ́ Ilé ni orúkọ Akẹ̀sán ti wá, ọjà ọba ni láti ibẹ̀. Ẹ kí àwọn tó ń pàtẹ bẹ́ ẹ ṣe ń kọjá: ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Bí ẹ bá kan aláró, àrẹ̀dú o. Àlejò tó bá mọ̀ọ́yàn kí ní Ọ̀yọ́, ọ̀nà ti là fún un, ẹni tó bá ń kọjá láìkí, wọ́n á kàn wò ó kọjá náà ni.

7. Ààfin

Ẹ lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ẹ má lọ ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń múra ìrun Jímọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé àlejò ni yín, ẹ fẹ́ wo Ààfin, wọ́n á sọ ẹni tẹ́ ẹ máa rí. Ọkùnrin ṣí fìlà, gbogbo ẹni bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ti ní kó bọ́ ọ. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè, ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ má rò pé àṣẹ tí wọ́n fún yín ní àgbàlá àkọ́kọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni àwọn kòbì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà ilé tó yọ síwájú tí wọ́n fi òpó gbé ró, kòbì kì í sí ní ilé gbogbo èèyàn láyé ijọ́un, ilé ọba la ti ń rí i.

Bí Kábíyèsí bá jáde, ẹ wólẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ na ọwọ́ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ kàn ní kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó wà lórí ìtẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ o, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà nípa Ààfin yìí, ìgbà Ọba Lámídì Adéyẹmí Kẹta ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n jọba láti 1970 títí wọ́n fi wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọba Akeem Abímbọ́lá Ọwọ́adé Kìíní ló wà níbẹ̀ báyìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Láàárín ìgbà tí ìtẹ́ ṣófo yẹn, ọ̀rọ̀ pọ̀, onílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀ lọ́kàn, àlejò ò gbọdọ̀ dá sí i, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níwájú yín ẹ kàn ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú tòrò.

8. Onílù, àti oríkì yín

Bí onílù bá rí àlejò níwájú Ààfin, á kọjú sí i. Ẹ má sá. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe nílé kẹ́ ẹ tó wá rèé: ẹ pe ìyá yín àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá yín lórí fóònù, ẹ bi wọ́n ní oríkì àbísọ yín, Àkànní ni àbí Àjàní, Àṣàkẹ́ ni àbí Àdùkẹ́, ẹ sì bi wọ́n ní orílẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ Ìkòyí ni yín, tó bá jẹ́ Ọ̀fà ni yín, ẹ kàn sọ ọ́ sí onílù yẹn létí, á dúró díẹ̀, á wá ju ìyáàlù sábẹ́ apá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì yín láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá yín wá. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó ń gbé London tó bú sẹ́kún níbẹ̀ nígbà tí onílù kan lù ú ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, torí látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ki í bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ò mọ orílẹ̀ ẹ̀, ìkíni tí wọ́n ń kí gbogbo ayé ni wọ́n máa lù fún un, ìyẹn náà dáa, àmọ́ ẹ wo ohun tẹ́ ẹ pàdánù.

Owó wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fún wọn, ẹ fi sí wọn lọ́wọ́ tàbí sínú àpò wọn. Ẹ má fọ́n ọn sí afẹ́fẹ́, ẹ má sì jó lórí ẹ̀, òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 lòdì sí i, wọ́n sì ti ń mú èèyàn lórí ẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

9. Ẹ jókòó ti oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má kàn rà kẹ́ ẹ lọ

Ẹ ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún èyí. Ẹ ní kí ọmọ ilé mú yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá, àwọn tó ń ṣe ìlù, àti àwọn oníṣọ̀nà tó ń fi awọ ṣe tìmùtìmù, àpò àti abẹ̀bẹ̀. Agbo ilé ni iṣẹ́ yìí ti ń jáde, bàbá sí ọmọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Ẹ wo ẹni tó ń fín igbá. Á jókòó sórí àpótí, á fi orúnkún méjèèjì há igbá, ọ̀bẹ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò ní ya ohunkóhun sí i tẹ́lẹ̀, kò ní fi rúlà wọ̀n ọ́n, á kàn ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ létí, á máa fi ọwọ́ òsì yí igbá yẹn díẹ̀díẹ̀, èérún ẹ̀ á máa já bọ́ sórí ṣòkòtò ẹ̀, ìlà tó ti ibì kan bẹ̀rẹ̀ á yí po, á wá pàdé ara ẹ̀ géérégé láì fi irun orí kan yà. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi máa gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi ìka kan igbá yẹn kẹ́ ẹ gbọ́ dídún ẹ̀, èyí tó bá ti sán nínú, ohùn ẹ̀ á kú. Ẹ gbé e sí oòrùn kẹ́ ẹ wo inú, ihò tóótòòtó tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, kòkòrò ló lu ú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi jẹun, ẹ sọ fún un, torí èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ara ògiri ló wà fún.

Ìlù ńkọ́? Dùndún gidi, odidi igi kan ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ọmọ̀ tàbí apá, wọ́n ò lẹ igi pọ̀. Ẹ gbé e há abíyá, ẹ fi apá tẹ ọṣán, ìyẹn àwọn okùn awọ tó yí i ká, kẹ́ ẹ fi kọ̀ǹgọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ohùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè kó sì sọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ sì ń tú u. Bí ohùn bá dúró sójú kan náà, ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, ẹ san owó ọmọdé fún un. Bàtá yàtọ̀, kò ní ọṣán tí èèyàn ń fún pọ̀ lábẹ́ apá, ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ìyáàlù ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ohùn ẹ̀ wúwo. Bàtá ni ìlù Ṣàngó, ẹ bi wọ́n níbẹ̀ bóyá ẹnì kan wà tó lè mú yín dé Kòso, ojúbọ Ṣàngó, kẹ́ ẹ lọ kí Mọgbà, àwòrò ibẹ̀, ẹ mú orógbó dání, ẹ má mú obì.

Ní ti iye owó, ẹ dúnàá dúrà, ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹ má fún ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan gbẹ́ ìlù ní owó tẹ́ ẹ fi ń ra ṣíkẹ́ẹ̀nì àti ráìsì ní Lẹ́kì. Mo ń bẹ̀ yín. Àwọn ọmọ tó yẹ kó kọ́ iṣẹ́ yìí ti ń lọ wa ọ̀kadà, torí owó àlejò ò tó wọn jẹun.

10. Oúnjẹ

Àmàlà dúdú, àbùlà, ẹran ògúnfe. Ẹ lọ kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, lẹ́yìn ìyẹn ẹran tó dáa ti tán. Ẹ wo ibi tí àwọn awakọ̀ àti àwọn ẹlẹ́ran bá jókòó sí, ibẹ̀ ni. Láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tí wọ́n ń dín lójú yín, nírọ̀lẹ́ wàrà díndín, àádùn àti róbó fún ìpanu. Omi, ẹ ra píọ̀ wọ́tà, omi kànga agbo ilé fún ìwẹ̀ ni.

11. Alẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ni ìgboro máa ń kún jù, ọjà alẹ́ á tan iná, àwọn àgbà á jókòó síta, ìgbà yẹn ni ìtàn máa ń jáde lẹ́nu wọn, ẹ jókòó sí ìsàlẹ̀ ju ti wọn lọ kẹ́ ẹ máa gbọ́. Alẹ́ Ẹtì àti Sátidé, kò sí bí ò ṣe ní sí òde níbì kan, wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sójú ọ̀nà, ó lè di agogo méjì òru. Ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn, òwú tí mo ní kẹ́ ẹ mú wá, ìgbà ẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ Orò yàtọ̀. Lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ tó jáde lálẹ́, ẹ bi baálé: ṣé kò sí nǹkan kan lálẹ́ òní? Bó bá ní Orò ń bọ̀, obìnrin ò gbọdọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ yọjú ní fèrèsé, àlejò tàbí onílé, ọkùnrin tí kò mọ ìdí ẹ̀ náà á jókòó sílé. Wọ́n sábà máa ń kéde ẹ̀ ṣáájú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí obìnrin tó fẹ́ wá béèrè ọjọ́ kó tó sanwó yàrá. Ti Egúngún dẹrùn ju ìyẹn lọ, gbangba ni, èèyàn lè wò ó, àmọ́ ẹ jìnnà sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń na atọ́rí níwájú ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ ẹ̀ kàn yín.

12. Bẹ́ ẹ ṣe máa lọ

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ lọ dágbére fún baálé, ẹ má dúró di àárọ̀ torí ó lè ti jáde. Bí owó kan bá ṣì kù, ẹ san án fún ẹni tẹ́ ẹ bá dúnàá dúrà gan-an, ẹ fún ọmọ ilé ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá di nǹkan fún yín, iṣu tàbí èlùbọ́, ẹ gbà á, kíkọ̀ ẹ̀ ò dáa.

Ẹ di igbá sáàárín aṣọ nínú báàgì tẹ́ ẹ máa gbé lé itan, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹdọ́ jù ú sí búùtù. Ìlù, ẹ tú ọṣán ẹ̀ díẹ̀ kó má fún jù nínú oòrùn mọ́tò, tó bá sì ń lọ sí òkè òkun, ẹ béèrè òfin orílẹ̀-èdè yẹn lórí awọ ẹran ṣáájú, torí àwọn aṣọ́bodè míì máa ń gbà á. Mọ́tò Ìbàdàn ń kún kíákíá láàárọ̀ ní Òwódé, ẹ tètè débẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé ọkọ̀ ojú irin bá ní Mọ́níyà.